Táyà àti rímù tuntun fún karafáànù àtijọ́: kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ọ̀nàjìn
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo ra karafáànù kan, ilé kékeré tí ọkọ̀ ń fà lẹ́yìn. Ọdún 1966 ni wọ́n ṣe é. Axle kan ṣoṣo ló ní, ìyẹn irin ìdábùú tí táyà wà ní orí rẹ̀ méjèèjì, táyà méjì. Ara rẹ̀ tí í ṣe alumíníọ̀mù ṣì le dáadáa, mo sì ti fi oṣù mẹ́ta tún pákó ilẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kù. Táyà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì ní eyín bí ẹni pé kò tíì rìn rárá, síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Rímù onírin ló wà níbẹ̀, íńṣì 15, ihò nọ́ọ̀tì márùn-ún, ìpẹtà sì ti ń jẹ ẹ́ létí. Ẹnì kan ní kí n ṣáà ra táyà ọkọ̀ kékeré tó bá ti wọ rímù yẹn. Ẹlòmíràn ní kí n sọ rímù náà nù, kí n gbé ti íńṣì 16 sí i. Ìyàwó àti ọmọ mi ni yóò jókòó sínú ọkọ̀ tó ń fà á, mi ò fẹ́ ṣe é ní àṣìṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Fọkanáísà
Ọ̀nàjìn ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Kó o tó wo tuntun, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó o ka ti àtijọ́. Wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ibẹ̀ ni ọjọ́ orí rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó tẹ̀ lé e ni ọdún. 2314 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2014. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta lo rí, wọ́n ti ṣe é kí ọdún 2000 tó wọlé, má fi jáde ní àgbàlá. Bí o ò bá sì rí i níta, wọ abẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Nígbà mìíràn ẹ̀gbẹ́ inú ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Eyín tó o rí yẹn kò sọ nǹkan kan fún ọ. Eyín táyà ọkọ̀ tí à ń wà lójoojúmọ́ máa ń jẹ tán kí rọ́bà rẹ̀ tó gbó. Ti karafáànù, rọ́bà rẹ̀ máa ń gbó kí eyín tó jẹ. Ó ń dúró lójú kan fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹrù ilé lórí rẹ̀, oòrùn lára rẹ̀, rọ́bà rẹ̀ á gbẹ, wáyà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya kúrò lára rọ́bà láìjẹ́ pé ojú rí i. Lọ́jọ́ tó bá gbóná lójú ọ̀nà ni yóò bú. Tó bá sì bú, kì í bú jẹ́jẹ́: awọ rẹ̀ á máa na abẹ́ ilé náà bí ẹgba, á fa wáyà iná já, á ya fẹ́ńdà, á lu ilẹ̀ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe ní ihò. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Lọ́dọ̀ tèmi, ọdún márùn-ún ni mo máa ń yọ ọ́. Kò sóhun tó máa mú mi fi í kọjá méje, ì báà dán bíi dígí.

Àǹtí Arìnrìnàjò
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ Ọ̀nàjìn, ẹ má tíì ná owó kankan o. Ẹ ti bi wá léèrè táyà, ẹ ò tíì sọ ohun tí táyà náà máa gbé.

Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara karafáànù lè sọ ìwúwo rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹ wo ohun tó ti wọ̀ ọ́ láti ìgbà náà: pákó tuntun, bátìrì, ẹ̀rọ amúlétutù lórí òrùlé, táǹkì omi. Omi lítà 100 nìkan, kìlógíráàmù 100 ni. Nítorí náà, ẹ di ẹrù sí i bí ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò gan-an, àwo, aṣọ, gáàsì, omi, kí ẹ wá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ fi í sílẹ̀ lára ọkọ̀ tó ń fà á, kí táyà karafáànù nìkan gun orí ìwọ̀n. Ìyẹn ni ẹrù tó wà lórí axle. Lẹ́yìn náà, ẹ tú u, kí odindi rẹ̀ dá dúró lórí ìwọ̀n. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ẹrù tó ń tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ yín, ó sì yẹ kó wà láàárín ìdá 10 sí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún odindi rẹ̀. Kó má dín, torí bí iwájú bá fúyẹ́ jù, ilé náà á máa jù ìrù lójú ọ̀nà, kò sì sí táyà tó lè wo ìyẹn sàn.

Ẹ̀kẹta ni àwọn èèyàn máa ń fò: ẹ wọn táyà ẹyọ kan, lẹ́yìn náà kejì. Nínú ilé àtijọ́, sítóòfù, fíríìjì àti táǹkì omi sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ti èmi, nǹkan bíi kìlógíráàmù 90 ni ẹ̀gbẹ́ kan fi wúwo ju ìkejì lọ. Mo ti ń pín odindi sí méjì tẹ́lẹ̀, mo sì rò pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹ̀gbẹ́ tó wúwo ni kí ẹ fi ra táyà.

Ọ̀nàjìn
Ẹ ṣé gan-an, bàbá, àǹtí mi. Mo ti rí DOT rẹ̀: 4109. Ọdún 2009! Ẹni tó tà á fún mi sọ pé “táyà tuntun” ni. Mo máa wọ̀n ọ́n lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Irú táyà wo wá ni? ST, LT, P, gbogbo lẹ́tà yẹn ti dà mí lójú rú.

Awakọ̀ Òru
ST ni wọ́n ṣe fún ohun tí ọkọ̀ ń fà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le, kì í mì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí atẹ́gùn bá gbá ilé gíga tàbí bí ọkọ̀ akẹ́rù bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. LT jẹ́ ti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. P jẹ́ ti ọkọ̀ èrò. Bí ẹ bá fẹ́ fi P sábẹ́ karafáànù, ẹ gbọ́dọ̀ fi 1.10 pín ìwúwo tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó mọ ohun tó lè gbé níbẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ kìlógíráàmù 750 sí lára ti di nǹkan bíi 680 lábẹ́ ilé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì rọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Lójú Ọ̀nà
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pẹ̀lú yín lórí P, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nítorí LT. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń fi LT íńṣì 16 fa ilé alumíníọ̀mù tó ní axle méjì, kò sí èyí tó bú. ST méjì ló bú mọ́ mi lọ́wọ́ ṣáájú ìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwa tí ilé wa wúwo ló ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Awakọ̀ Òru
Àbẹ̀kẹ́, mi ò bá yín jà lórí ìyẹn. ST ayé àtijọ́ ba orúkọ gbogbo wọn jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní lẹ́tà eré lára, máìlì 65 ní wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 105, ni òpin wọn, àwọn èèyàn sì ń sá eré 120 lórí wọn. Ní báyìí a ti ń rí ST tí wọ́n kọ L, M tàbí N sí lára: L jẹ́ kìlómítà 120, M jẹ́ 130, N jẹ́ 140. Mo ní kí ẹ ra èyí tó ní M tàbí N, kí ẹ sì máa rọra lọ. Lẹ́tà yẹn fi hàn pé táyà náà lè fara da ooru. Kò fún yín láṣẹ eré.

Fún ilé kékeré tí rímù rẹ̀ jẹ́ 15, LT tó bá a mu kì í pọ̀ lọ́jà. Bí Ọ̀nàjìn bá lọ sí 16, táyà rẹ̀ á ga sí i, ilé á ga sí i, fẹ́ńdà ilé ọdún 1966 sì lè má gbà á. Axle méjì ni ti yín, kò rí bákan náà.

Àbẹ̀kẹ́ Lójú Ọ̀nà
Ìyẹn náà tọ́. Mo gé ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńdà tèmi díẹ̀ kó tó wọlé, ó sì dùn mí.

Bàbá Fọkanáísà
Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà sí i, kó lè rí ohun tó dì mú. Lẹ́tà ẹrù ni kó wò: C, D, E. Nínú ST, C máa ń gba afẹ́fẹ́ psi 50, D 65, E 80. Ìwọ̀n kan náà lè gbé ẹrù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. ST205/75R15 (205 ni ìbú táyà ní mílímítà, 15 ni íńṣì rímù) ti C ń gbé kìlógíráàmù 825. Ti D ń gbé 975. ST225/75R15 ti C ń gbé 975, ti D 1,150, ti E 1,285. Ìwúwo yìí sì dúró lórí pé afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé. Bí afẹ́fẹ́ bá dín, ẹrù tó lè gbé ti dín nìyẹn.

Èmi máa ń fi ìdá márùn-ún kan sílẹ̀: kí ẹrù tó wà lórí táyà má kọjá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Gbogbo yín ń sọ táyà. Rímù ńkọ́? Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ fún mi láyè, torí ibí yìí ni mo ti rí ewu jù.

Ọ̀nàjìn, rímù náà ní ìwúwo tó lè gbé, ó ní afẹ́fẹ́ tó lè gbà. Lára rímù òde òní, wọ́n máa ń tẹ ìwúwo rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn irin náà. Lára rímù ọdún 1966, ẹ lè wá a títí kí ẹ má rí i. Táyà tó wà nígbà náà kò fi ẹ̀gbẹ́ ti rímù bíi táyà rádíà tòní, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò sì pọ̀ tó báyìí. Ẹni tó bá wá fi táyà D sórí rímù yẹn, tó fẹ́ ẹ dé psi 65, ó ti fún irin náà ní iṣẹ́ tí wọn ò dá a fún. Nínú táyà àti rímù, èyí tí agbára rẹ̀ kéré ni kí ẹ máa fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹ yọ rímù náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ọ̀dà kúrò láàárín ihò nọ́ọ̀tì kan sí ìkejì, kí ẹ sì wo ibi tí àwo àárín ti so mọ́ etí. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tí ìpẹtà pupa ń yọ nínú rẹ̀, irin tó ti sán ni. Kí ẹnikẹ́ni má bá yín fi iná jó o pọ̀. Ẹ wo ihò nọ́ọ̀tì náà: bó bá ti fẹ̀ di ẹyin, ó ti parí. Ìpẹtà tó wà níbi tí ètè táyà ń jókòó á máa tú afẹ́fẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì máa dá táyà lẹ́bi.

Bí ẹ bá rí i pé rímù náà jẹ́ oníbejì, tó ní òrùka irin tó ń dì í mú, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má fẹ́ ẹ, ẹ má tú u. Òrùka yẹn lè fò jáde pẹ̀lú agbára afẹ́fẹ́ inú táyà, ó ti pa èèyàn. Ẹni tó ní àgò irin tí wọ́n ń fẹ́ táyà sínú rẹ̀ nìkan ló lè dáwọ́ lé e.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ fẹ́ ra tuntun. Ihò márùn-ún kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ wọn àárín sítọ́ọ̀dù kan, ìyẹn irin olókùn tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀, sí àárín èyí tó tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ mílímítà 67, ìbú òbírí tí àwọn sítọ́ọ̀dù náà tò sí jẹ́ 114.3. Bó bá jẹ́ 71, 120.65 ni. Bó bá jẹ́ 75, 127 ni. Bó bá jẹ́ 82, 139.7 ni. Ẹ rí i pé mílímítà mẹ́rin péré ló wà láàárín méjì nínú wọn, torí náà ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ìgbà mẹ́ta, kí ẹ fi nọ́ńbà tó jáde ṣe ìlọ́po 1.701.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ibi tí rímù ti ń jókòó lórí họ́ọ̀bù. Ẹ dojú rímù àtijọ́ bolẹ̀, ẹ gbé igi gígún lé etí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ wọn láti igi náà dé ibi pẹlẹbẹ tó ń kan họ́ọ̀bù. Tuntun gbọ́dọ̀ bá èyí mu. Bó bá wọlé jù, táyà á máa fi ara ha irin sípíríǹgì. Bó bá jáde jù, á máa ha fẹ́ńdà, ẹrù á sì máa tẹ bẹ́rìn ìta ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ rí i pé ihò àárín rímù gba ìdérí gíríìsì họ́ọ̀bù yín kọjá. Ẹ sì rí i pé bíréèkì yín wọ inú rẹ̀: dúrọ́ọ̀mù íńṣì 12 kò lè wọ rímù 14, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ dín rímù kù kó ṣọ́ra.

Nọ́ọ̀tì náà tún wà. Ọ̀pọ̀ rímù karafáànù ló ń fẹ́ nọ́ọ̀tì tí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó ní ìwọ̀n digrí 60. Àwọn rímù ọkọ̀ kan ń fẹ́ èyí tí ìdí rẹ̀ rí róbótó. Ẹ má pà wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá lọ ra rímù alumíníọ̀mù tó nípọn, sítọ́ọ̀dù àtijọ́ lè kúrú jù. Nọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ wọlé tó ìbú sítọ́ọ̀dù náà, ó kéré tán. Lórí sítọ́ọ̀dù íńṣì ààbọ̀ tó ní okùn 20 nínú íńṣì kan, ìyẹn jẹ́ yíyí mẹ́wàá gbáko. Ẹ kà á pẹ̀lú ọwọ́.

Ọ̀nàjìn
Ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ṣe gbogbo ohun tí ẹ wí.

Ìwọ̀n rèé. Axle: kìlógíráàmù 1,380. Odindi: 1,560. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ń gba 180, ó jẹ́ nǹkan bíi ìdá 11.5. Ẹ̀gbẹ́ òsì 735, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún 645! Ẹ̀gbẹ́ òsì ni sítóòfù àti táǹkì omi wà, gẹ́gẹ́ bí àǹtí ṣe sọ.

Rímù: mo ha ọ̀dà kúrò. Ọ̀kan mọ́. Èkejì ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ihò nọ́ọ̀tì kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìkejì. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Orí ìyẹn ni wọ́n fi fà á wá sílé fún mi. Sítọ́ọ̀dù sí sítọ́ọ̀dù: 67.

Àǹtí Arìnrìnàjò
A dúpẹ́ o. Ẹ wá fi 735 wo nọ́ńbà bàbá. ST205/75R15 ti C ń gbé 825: ẹ ti wà ní ìdá 89. Kò rú òfin kankan, ṣùgbọ́n kò fún yín láàyè. Ti D ń gbé 975: ìdá 75. Níwọ̀n bí ẹ ti ń ra rímù tuntun, kò sí ìdí tí ẹ ó fi dúró ní C. Ẹ sì gbé àpótí irinṣẹ́ àti ohun tó wúwo lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Awakọ̀ Òru
Ṣé kó má kúkú lọ sí 225? Ó ń gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Kó wọ̀n ọ́n kó tó dá a lóhùn. 205/75R15 ga tó mílímítà 688, 225/75R15 ga tó 718. Òkè táyà á fi mílímítà 15 sún mọ́ fẹ́ńdà, ara rẹ̀ á sì fẹ̀ sí i ní 20. Sípíríǹgì tó ti gbé ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún sábà máa ń tẹ́, fẹ́ńdà á ti sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sórí táyà. Kó wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹrù wà nínú rẹ̀, kó sì rántí pé kòtò á tún tì í sókè. Bí àlàfo òkè kò bá tó íńṣì mẹ́ta, mi ò ní fi 225 síbẹ̀.

Ọ̀nàjìn
Íńṣì mẹ́ta àti díẹ̀ ló wà lórí ti àtijọ́ tó jẹ́ 205, bí 225 bá gba mílímítà 15 nínú rẹ̀, kò ní tó mẹ́ta mọ́. 205 ti D ni mo máa rà, pẹ̀lú rímù onírin tuntun íńṣì 15, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íńṣì 5. Wọ́n tẹ 975 sí ẹ̀yìn rẹ̀, oníṣòwò náà sì fi ìwé hàn mí pé ó ń gba psi 65.

Bàbá Fọkanáísà
O ṣe é dáadáa. Fáàfù ni kó o wá bi wọ́n: rọ́bà lásán tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà wọlé, psi 65 ni òpin rẹ̀, ìwọ náà sì ti dé òpin yẹn. Sọ fún wọn kí wọ́n fi fáàfù onírin sí i. Ka DOT táyà tuntun náà kí wọ́n tó gbé e sórí rímù. Táyà tó ti sùn sórí pẹpẹ fún ọdún mẹ́ta ti jẹ ọdún mẹ́ta tìrẹ.

Kí wọ́n báláǹsì rẹ̀. Àwọn kan á ní kò sẹ́ni tó jókòó níbẹ̀ tí yóò mọ̀ bó bá ń gbọ̀n. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìṣó ribẹ́ẹ̀tì tó di alumíníọ̀mù ilé rẹ mú, àwọn ni yóò mọ̀.

Afẹ́fẹ́: òwúrọ̀ ni kó o máa wọ̀n ọ́n, kí táyà tó rìn, kí oòrùn tó kàn án. Fi dé iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Má tú u dànù lójú ọ̀nà torí pé ó gbóná tó sì lọ sókè, bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Lójú Ọ̀nà
Níwọ̀n bí rímù ti wà nílẹ̀, ẹ tú họ́ọ̀bù, ẹ wo bẹ́rìn, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi gíríìsì tuntun sí i, ẹ pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má gbàgbé ìkẹta tó máa wà ní ìpamọ́ o. Mo mọ ẹni tó ra méjì tuntun, tó sì fi èyí tó ti pé ọdún 16 ṣe ìpamọ́.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Ẹ má fi ẹ̀rọ atẹ́gùn fún nọ́ọ̀tì náà pa. Ẹ fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wá fi sípánà tó ń wọn agbára dè é, ní ìrísí ìràwọ̀, ní ìpele mẹ́ta. Fún sítọ́ọ̀dù íńṣì ààbọ̀, ìpele tó gbẹ̀yìn máa ń wà láàárín 90 sí 120 ft-lb, ìyẹn 122 sí 163 Nm. Ẹ wo ìwé rímù náà kó lè sọ iye tirẹ̀ gan-an. Rímù tuntun máa ń jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti rìn: ẹ dúró ní kìlómítà 16, ní 40, ní 80, kí ẹ tún un dè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nàjìn
Mo padà wá jábọ̀. Mẹ́ta ni mo rà. DOT méjì jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan náà. Ìkẹta dàgbà tó ọdún méjì ju ìyẹn lọ, mo dá a padà, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́rìn òsì ti dúdú, mo fi tuntun sí i. Àná la gbé e jáde. Ní kìlómítà 16, nọ́ọ̀tì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì gba yíyí díẹ̀ sí i. Ní 40, ẹyọ kan. Ní 80, gbogbo rẹ̀ dúró. Mo gbé ọwọ́ lé họ́ọ̀bù méjèèjì, wọ́n lọ́ wọ́ọ́rọ́, bákan náà ni wọ́n rí. Rímù tó sán yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilé, mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí ibi tó ti sán. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi àwòrán rẹ̀ han ẹni tó ṣì ń fa ilé lórí rímù àtijọ́, kó sọ, màá gbé e síbí.